Olùkọ́ Tí Kò Rí Wa: Kíkọ́ Yóógà Nílé Pẹ̀lú Fídíò

Ẹni tó ń gbé ní Àgbádárìgì tó sì fẹ́ kọ́ yóógà, inú fóònù ni yóò ti bá olùkọ́ rẹ̀ pàdé. Victoria Island, Ìkòyí àti Lẹ́kkí ni kíláàsì yóógà pọ̀ sí jù ní Èkó, ó sì lé ní 60 kìlómítà láti Àgbádárìgì dé ọ̀hún. Àwọn tó ń rin títì Èkó sí Àgbádárìgì mọ̀ ọ́n. Láti ọdún 2009 tí ìjọba Ìpínlẹ̀ Èkó ti bẹ̀rẹ̀ sí í fẹ̀ ẹ́ ni iṣẹ́ ibẹ̀ ti ń lọ, tó ń dúró, tí súnkẹrẹ-fàkẹrẹ sì ń ká èrò mọ́ ojú ọ̀nà. Ta ni yóò jókòó fún ọ̀pọ̀ wákàtí nínú dánfó nítorí kí ó lè lọ na ẹ̀yìn fún wákàtí kan? Fídíò ló bójú mu fún ẹni tó wà létí òkun wa yìí.

Olùkọ́ tó dáńgájíá lè wà nínú fídíò. Kì í rẹ̀ ẹ́, kì í kanra, ẹ sì lè ní kó tún ibi kan ṣe títí yóò fi yé yín. Ohun kan ṣoṣo ni kò lè ṣe: kò lè rí yín. Àgbà kì í wà lọ́jà kí orí ọmọ tuntun wọ́, iṣẹ́ àgbà yìí gan-an sì ni olùkọ́ ń ṣe nínú kíláàsì. Ó ń rìn kiri láàárín àwọn akẹ́kọ̀ọ́, ó ń rí orúnkún tó yẹ̀, ó ń fọwọ́ tẹ èjìká tó ti sún dé etí wálẹ̀, ó ń rán ẹni tó di èémí mú létí pé kó mí. Nínú fídíò, ọ̀rọ̀ kan náà ló ń sọ fún ọ̀dọ́ tí ara rẹ̀ rọ̀ àti fún ìyá ẹni ọgọ́ta ọdún tí orúnkún ń dùn. Nítorí náà, nǹkan méjì ni ẹni tó ń fi fídíò kọ́ yóógà ń kọ́ pọ̀. Ó ń kọ́ àwọn ìdúró tí wọ́n ń fi hàn án, ó sì ń kọ́ bí yóò ṣe máa fi ojú olùkọ́ wo ara rẹ̀. Ọ̀pọ̀ fídíò kì í mẹ́nu kan ìkejì yìí, bẹ́ẹ̀ òun ló ń pinnu bóyá ara yóò jàǹfààní tàbí yóò fara pa.

Kì í ṣe òní ni àwòrán tó ń rìn ti bẹ̀rẹ̀ sí í fi yóógà hàn wá. Fíìmù kan wà tí wọ́n yà ní Íńdíà ní 1938, tí kò ní ohùn rárá, níbi tí Tirumalai Krishnamacharya, olùkọ́ ní ààfin ọba Mysore, àti akẹ́kọ̀ọ́ rẹ̀, B.K.S. Iyengar, ti ń ṣe oríṣiríṣi ìdúró. Ní 1961, Richard Hittleman gbé e dé orí tẹlifíṣọ̀n ní Los Angeles. Ní 1970, Lilias Folan bẹ̀rẹ̀ tirẹ̀ láti Cincinnati. Lónìí, Adriene Mishler tó bẹ̀rẹ̀ sórí YouTube ní 2012 láti ìlú Austin ní Texas ní èrò tó ju mílíọ̀nù 10 lọ tó ń tẹ̀ lé e, ọ̀fẹ́ sì ni ẹ̀kọ́ rẹ̀ fún ẹni tó ṣẹ̀ṣẹ̀ ń bẹ̀rẹ̀.

Nínú gbogbo wọn, Iyengar ni mo fẹ́ kí ẹ fi sọ́kàn. Wọ́n bí i ní 1918, nígbà tí àjàkálẹ̀ àrùn inflúẹ́ńsà ń jà káyé. Ibà, ikọ́ ẹ̀gbẹ àti táífọ́ọ̀dù fìtínà rẹ̀ ní kékeré, débi pé nígbà tó bẹ̀rẹ̀ yóógà, ara rẹ̀ le gbagidi. Ẹni tí ara ti le fún rí ló mọ ohun tí ara líle ń fẹ́. Òun ló wá mú kí lílo ohun ìrànwọ́ gbilẹ̀ nínú yóógà: bẹ́líìtì, bùláńkẹ́ẹ̀tì, àga, ègé igi. Ẹ ò ní láti ra ìkankan nínú wọn. Lójú tèmi, ọ̀já tí a fi ń pọnmọ sàn ju bẹ́líìtì tí wọ́n ń tà lọ, torí ó gùn, ó fẹ̀, kì í sì í há àtẹ́lẹsẹ̀. Ẹ fẹ̀yìn lélẹ̀, ẹ fi àárín ọ̀já kọ́ àtẹ́lẹsẹ̀ kan, ẹ di etí rẹ̀ méjèèjì mú, kí ẹ wá máa na ẹsẹ̀ náà sókè díẹ̀díẹ̀. Apá tí kò gùn tó láti kan ẹsẹ̀ ti kàn án nìyẹn, ẹ̀yìn ò sì kúrò nílẹ̀. Ẹni tí ẹ̀yìn rẹ̀ máa ń tẹ̀ bó bá jókòó sílẹ̀, kí ó ká ìró rẹ̀ pọ̀ kó nípọn, kó fi sábẹ́ ìdí.

Ìbéèrè ẹ̀sìn kò ní ṣàì wáyé. Ìlú tí wọ́n ti wàásù ìhìnrere lábẹ́ igi Àgíà ní 1842, tí ṣọ́ọ̀ṣì, mọ́ṣáláṣí àti ojúbọ Vodun jọ wà ládùúgbò kan náà, kò lè fi irú ọ̀rọ̀ bẹ́ẹ̀ ṣeré. Òótọ́ ni pé inú ẹ̀sìn àwọn ará Íńdíà ni yóógà ti dàgbà, pẹ̀lú àdúrà àti àṣàrò. Òótọ́ tún ni pé ohun tí ọ̀pọ̀ ń ṣe káàkiri ayé báyìí, títí kan ọjọ́ 21 oṣù kẹfà tí Àjọ Ìṣọ̀kan Àgbáyé yà sọ́tọ̀ fún un ní 2014, ni nínà ara àti mímí. Ẹ yan fídíò tó mọ sí ìyẹn, tí kò ní orin tàbí ọ̀rọ̀ tí kò yé yín. Ẹni tí ọkàn rẹ̀ kò bá sì gbà á rárá, kí ó fi í sílẹ̀. Ìrìn kánmọ́kánmọ́ àti eré ìdárayá mìíràn wà, kò pàdánù nǹkan kan.

Ẹ̀yìn dídùn ni wọ́n ti yẹ yóógà wò dáadáa jù. Ní 2017, àjọ Cochrane tó máa ń kó ìwádìí ìṣègùn jọ láti tú wọn wò kó ìwádìí 12 jọ lórí yóógà àti ẹ̀yìn tó ti ń dunni tipẹ́. Ènìyàn 1,080 ló kópa nínú wọn. Lẹ́yìn oṣù mẹ́ta àti oṣù mẹ́fà, àwọn tó ṣe yóógà lè ṣe iṣẹ́ òòjọ́ wọn sàn díẹ̀ ju àwọn tí kò ṣe eré ìdárayá kankan lọ. Kò hàn pé ó fi bẹ́ẹ̀ sàn ju eré ìdárayá mìíràn fún ẹ̀yìn lọ, àwọn kan sì wà tí ẹ̀yìn tún dùn sí i. Amẹ́ríkà ni méje nínú ìwádìí wọ̀nyẹn ti wáyé, mẹ́ta ní Íńdíà, méjì ní ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì. Kò sí ìkankan láti Áfíríkà. Lọ́dún yẹn kan náà, ẹgbẹ́ àwọn dókítà American College of Physicians fi yóógà kún ohun tí ó yẹ kí wọ́n kọ́kọ́ gbìyànjú fún irú ẹ̀yìn bẹ́ẹ̀ kí wọ́n tó kọ oògùn. Èrò mi ni pé àǹfààní náà dájú, ó sì mọ níwọ̀n. Ẹni tó bá ń pariwo pé yóógà ń wo ìtọ̀ ṣúgà àti àrùn jẹjẹrẹ, irọ́ ló ń pa fún yín.

Kí ẹ tó gbìyànjú ìdúró kankan, ẹ kọ́ èémí. Ẹ fẹ̀yìn lélẹ̀, ẹ ká orúnkún sókè, ẹ gbé ọwọ́ kan lé àyà, ìkejì lé ikùn. Àgbàlagbà tó wà ní ìsinmi máa ń mí nǹkan bí ìgbà 12 sí 20 ní ìṣẹ́jú kan. Ẹ jẹ́ kó máa falẹ̀ bọ̀, kí mímí síta gùn ju mímí sínú lọ, kí ọwọ́ tó wà lórí ikùn máa gòkè kó máa sọ̀ kalẹ̀. Bí a bá ń mí sínú, ọkàn máa ń yára díẹ̀. Bí a bá ń mí síta, á falẹ̀. Iṣan ìmọ̀lára kan tí wọ́n ń pè ní vagus, tó ti inú ọpọlọ gba ọrùn sọ̀ kalẹ̀ dé àyà àti ikùn, ló ń fa ìjánu ọkàn náà. Èémí tó gùn síta ń fún un láyè, ìdí nìyẹn tí ara fi ń rọlẹ̀.

Èémí yìí kan náà ni yóò dúró fún ojú olùkọ́. Bí ẹ bá wọ ìdúró kan tí èémí dá, tàbí tó ń já kúkúrú, tàbí tí ẹ rí i pé ẹ ti wa eyín pọ̀, ara ti sọ pé ẹ ti kọjá ibi tó yẹ. Ẹ padà sẹ́yìn díẹ̀ títí èémí yóò fi tún máa lọ geere. Ẹni inú fídíò lè fi iwájú orí kan orúnkún. Ohun tí èémí yín bá gbà ni kí ẹ ṣe.

Ìpalára tó jẹ́ ti fídíò gan-an, tí kò wọ́pọ̀ nínú kíláàsì, ọrùn ni ó máa ń bá. Fóònù wà nílẹ̀ lẹ́gbẹ̀ẹ́ ẹní. Akẹ́kọ̀ọ́ ti gbé ìdí sókè, ọwọ́ àti ẹsẹ̀ rẹ̀ ló wà nílẹ̀, ó sì yẹ kí orí rẹ̀ rọ̀ sílẹ̀ wọ̀ọ̀. Olùkọ́ sọ nǹkan tí kò yé e. Ó bá yí orí, ó na ọrùn sókè láti wo fóònù, nígbà tí ìwúwo ara wà lórí èjìká rẹ̀. Bó bá ń ṣe bẹ́ẹ̀ látìbẹ̀rẹ̀ dópin ẹ̀kọ́, ọrùn ni yóò máa dùn ún lọ́jọ́ kejì, yóò sì máa sọ pé yóógà kò bá òun lára mu.

Ẹ kọ́kọ́ jókòó wo fídíò náà tán láìṣe nǹkan kan. Ẹ tún un wò, kí ẹ máa dá a dúró níbi tí kò bá ti yé yín. Lẹ́yìn náà ni kí ẹ wá fi etí ṣe é, kí ojú sinmi. Olùkọ́ tí ẹ máa yàn gbọ́dọ̀ jẹ́ ẹni tí ọ̀rọ̀ rẹ̀ tó fún ẹni tó dijú: ó ń sọ ibi tí ẹsẹ̀ yóò wà, ibi tí ìwúwo ara yóò lọ, ìgbà tí ẹ máa mí sínú àti ìgbà tí ẹ máa mí síta, àti ohun tí ẹni tí ara rẹ̀ kò gbà yóò ṣe dípò. Ẹni tó kàn ń fi ara tó rọ̀ ṣe ojú ayé, ẹ fi í sílẹ̀. Ọ̀rọ̀ ọ̀tún àti òsì náà ń da ènìyàn rú. Bí olùkọ́ bá kọjú sí yín tó gbé ọwọ́ ọ̀tún rẹ̀, apá òsì yín ni ẹ máa rí i sí. Àwọn olùkọ́ kan máa ń yí i padà kó lè rí bíi ti dígí, àwọn kan kì í yí i. Ẹ ṣe èyí tí ẹ gbọ́, ẹ má wo èyí tí ẹ rí, ẹ ò ní ṣì í. Ní ti dátà, ẹ dáńlóòdù ẹ̀kọ́ náà sórí fóònù nígbà tí nẹ́tíwọ́ọ̀kì bá dára, kó má di pé ó dúró nígbà tí ẹ wà lórí ẹsẹ̀ kan. Àwòrán 360p tó, etí ni ẹ fẹ́ lò.

Ẹ jẹ́ ká wo ìdúró tí ìdí ti ń wà lókè yẹn fínnífínní, torí ekukáká ni ẹ ó fi rí fídíò alákọ̀ọ́bẹ̀rẹ̀ tí kò ní in. Ajá tó ń na ara ni wọ́n fi sọ ọ́. Ẹ bẹ̀rẹ̀ lórí ọwọ́ àti orúnkún. Ẹ la ìka ọwọ́, kí gbogbo àtẹ́lẹwọ́ jókòó sílẹ̀, pàápàá ìdí àtàǹpàkò àti ti ìka tó tẹ̀ lé e, torí bí ìwúwo bá bọ́ sí ẹ̀bá ìta àtẹ́lẹwọ́, ọrùn ọwọ́ ni yóò jìyà. Ẹ gbé orúnkún nílẹ̀, ẹ ti ìdí sókè, sẹ́yìn. Ibí yìí ni alákọ̀ọ́bẹ̀rẹ̀ ti máa ń fẹ́ kí ẹsẹ̀ òun nà tán, kí gìgísẹ̀ òun kanlẹ̀ bíi ti ẹni inú fídíò. Ẹ má ṣe é. Iṣan ẹ̀yìn itan so mọ́ egungun tí a fi ń jókòó. Bó bá le tí ẹ sì na ẹsẹ̀ tipátipá, yóò fa ìbàdí wálẹ̀, ẹ̀yìn ìsàlẹ̀ yóò sì tẹ̀. Ẹ ká orúnkún díẹ̀, ẹ jẹ́ kí gìgísẹ̀ wà lókè, ẹ ó sì rí i bí ẹ̀yìn yóò ṣe nà tọ́ọ́rọ́. Ẹ̀yìn tó nà ni à ń wá. Gìgísẹ̀ lè má kanlẹ̀ láé, kò burú.

Ìdí wà tí ipá kì í fi í ṣiṣẹ́. Nínú iṣan kọ̀ọ̀kan ni àwọn fọ́nrán tín-ín-rín kan wà tó ń ṣọ́ bí iṣan náà ṣe ń gùn sí i àti bó ṣe ń yára tó. Bí ẹ bá fà á lójijì, tàbí tí ẹ ń já a sókè sódò, wọ́n á ránṣẹ́ sí ọ̀pá ẹ̀yìn, àṣẹ á sì padà wá pé kí iṣan náà sún kì, kó má bàa ya. Ohun tí ẹ fẹ́ nà wá ń le sí i. Bí ẹ bá wọ̀ ọ́ pẹ̀lẹ́, tí ẹ dúró síbẹ̀ fún nǹkan bí ìṣẹ́jú àáyá 20 sí 30, àṣẹ náà á rọlẹ̀.

Ṣùgbọ́n kí ẹni tó ti pé ogójì ọdún tó máa sọ orí kodò, kí ó lọ yẹ ojú rẹ̀ wò. Tọkàntọkàn ni mo fi ń bẹ̀ yín lórí èyí. Ìwádìí tí wọ́n ṣe káàkiri Nàìjíríà láàárín 2005 sí 2007 rí àrùn ojú tí wọ́n ń pè ní glaucoma lára nǹkan bí ènìyàn márùn-ún nínú ọgọ́rùn-ún àwọn tó ti pé ogójì ọdún, ọ̀pọ̀ jù lọ wọn ni kò sì mọ̀ pé àwọn ní in. Kì í sábà dunni, ńṣe ló máa ń jí ìríran kó díẹ̀díẹ̀. Ní 2015, àwọn oníwàádìí ní New York Eye and Ear Infirmary ní kí àwọn tó ní àrùn náà àti àwọn tí kò ní in ṣe ìdúró mẹ́rin tí orí ti ń wà nísàlẹ̀. Ìfúnpá inú ẹyinjú wọn ga láàárín ìṣẹ́jú kan, ìdúró ajá tí a ṣẹ̀ṣẹ̀ sọ yìí ló sì gbé e ga jù. Ẹlẹ́jẹ̀ ríru tí oògùn kò tíì kápá tirẹ̀, kí ó yẹra fún ìdorí kodò pẹ̀lú, kí ó má sì ṣe di èémí mú. Aláboyún, kí ó bá nọ́ọ̀sì rẹ̀ sọ̀rọ̀ kó wá fídíò ti aláboyún. Fífi orí dúró kì í ṣe ti alákọ̀ọ́bẹ̀rẹ̀ kankan.

Àwọn tí kò ní sọ orí kodò kò pàdánù. Lórí ọwọ́ àti orúnkún, ẹ mí sínú kí ẹ jẹ́ kí ikùn sọ̀ kalẹ̀ kí àyà sì là. Ẹ mí síta kí ẹ gbé ẹ̀yìn sókè, kí orí àti ìdí rọ̀. Kò sí ohun tó rọrùn tó o, mi ò sì mọ èyí tó wúlò jù ú lọ fún ẹ̀yìn tó ti jókòó pẹ́. Àwọn ìrọ̀rí tó wà láàárín egungun ọ̀pá ẹ̀yìn àgbàlagbà kò fẹ́rẹ̀ẹ́ ní iṣan ẹ̀jẹ̀ nínú. Bíi fóòmù tí a rì sómi tí a ń tẹ̀ tí a ń tú ni wọ́n ṣe ń fa oúnjẹ wọn láti ara ohun tó yí wọn ká, nítorí náà, ìṣípòpadà ló ń bọ́ wọn.

Iṣẹ́ tí ẹnì kọ̀ọ̀kan ń ṣe ló ń sọ ohun tí ara rẹ̀ ń fẹ́. Àwọn tó ń fa àwọ̀n wá sétí òkun ti ṣe ju ìṣẹ́jú 150 eré ìdárayá tí Àjọ Ìlera Àgbáyé ní kí àgbàlagbà máa ṣe lọ́sẹ̀ lọ. Ìsinmi ẹ̀yìn àti nínà èjìká ni tiwọn. Ìyá tó ń yan ẹja tẹ̀ síwájú látàárọ̀, torí náà kí ó máa la àyà, kó sì ṣe èémí rẹ̀ níbi tí èéfín kò sí. Òṣìṣẹ́ tó jókòó sídìí kọ̀ǹpútà, ní ASCON, ilé ẹ̀kọ́ àwọn òṣìṣẹ́ ìjọba tó wà ní Tòpò, tàbí níbòmíràn, iwájú itan rẹ̀ ló ti ká kò: kí ó kúnlẹ̀ lórí orúnkún kan, kó sún ìbàdí síwájú díẹ̀díẹ̀. Ìlóṣòó tí àwọn tó wà nínú fídíò máa ń ṣe làálàá kí wọ́n tó lè ṣe, ọ̀pọ̀ ìyá tó ń fọṣọ tó ń bó gbágùúdá nílẹ̀ ṣì ní in. Kí àwọn ọmọ wọn tó ti mọ́ àga lára di òpó ilẹ̀kùn mú, kí wọ́n fi ṣe ìrànwọ́ bí wọ́n ṣe ń sọ̀ kalẹ̀.

Yanrìn etíkun máa ń wu ènìyàn torí àwòrán tó pọ̀ káàkiri. Yanrìn gbígbẹ etíkun Suntan àti ti Gbẹ̀rẹ̀fù ní Àgbádárìgì a máa rì, ọrùn ọwọ́ á sì tẹ̀ ju bó ṣe yẹ lọ. Èyí tó tutù tó le létí omi dagẹ̀rẹ̀, ẹsẹ̀ kan á wà lókè ju èkejì. Ẹ jókòó níbẹ̀ kí ẹ mí, kí ẹ ṣe ìyókù nílé. Ẹní híhun máa ń yọ̀ lórí táìlì, pàápàá bí àtẹ́lẹwọ́ bá lóòógùn nínú ọ̀rinrin etí òkun wa. Bí kò bá sí ẹní rọ́bà, ẹ ṣe gbogbo ìdúró láìwọ bàtà lórí sìmẹ́ńtì lásán, kí ẹ fi ẹní sílẹ̀ fún ìkúnlẹ̀ àti ìdùbúlẹ̀. Àárọ̀ kùtù ló dára jù, kí ẹ tó jẹun.

Kí iṣan máa fà jẹ́ ohun tí a retí. Ìrora tó gún ènìyàn nínú oríkèé, ẹ dúró lójú ẹsẹ̀. Bí ìrora bá ti ẹ̀yìn gba ẹsẹ̀ kọjá orúnkún, tí ẹsẹ̀ ń kú tàbí tí kò lágbára mọ́, ẹ lọ rí oníṣègùn. Bó bá jẹ́ pé ìtọ̀ tàbí ìgbẹ́ kò ṣeé dá dúró mọ́, tàbí ojú ara kú tipiri, ọ̀rọ̀ pàjáwìrì ni, ilé ìwòsàn lọ́jọ́ náà gan-an.

Lẹ́yìn ọ̀sẹ̀ díẹ̀, tí ìtòlẹ́sẹẹsẹ ẹ̀kọ́ náà bá ti mọ́ yín lára, ẹ ní kí ọmọ kan nínú ilé fi fóònù ya yín láti ẹ̀gbẹ́, kò gbọ́dọ̀ jẹ́ láti iwájú. Ẹ wo bóyá ẹ̀yìn nà láti ọrùn ọwọ́ dé ìdí, bóyá etí wà láàárín apá méjèèjì, bóyá orúnkún iwájú kọjá ọrùn ẹsẹ̀ nígbà tí ẹ gbé ẹsẹ̀ kan síwájú. Ẹ yí ohùn fídíò náà sókè pẹ̀lú, kí ẹ gbọ́ ibi tí èémí ti dá. Ibi tí ẹ máa tún ṣe lọ́jọ́ kejì nìyẹn, ọ̀kan péré lẹ́ẹ̀kan, kí ẹ tó tún ní kí ọmọ náà ya òmíràn lóṣù tó ń bọ̀.